Kóòtù Tí Fortuna Rà ní Lọ́ńdọ̀nù

Háífà,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní, 1939

Fortuna ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú àjò, mo kí ọ kú iṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ara mi le, àfi orúnkún tó ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ìyá Tahsin ní kí n kọ́kọ́ kí ọ fún òun kí n tó kí ọ fún ara mi. Ó ní ṣé bí ọmú tí òun fún ọ mu nígbà tí ìyá rẹ kú sórí ìkúnlẹ̀ ṣe rí lẹ́nu rẹ nìyẹn, tí o fi kọ lẹ́tà méjì láìdárúkọ òun? Ẹjọ́ rẹ nìyẹn. Mi ò bá ọ rò ó.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Ilé ìfúnróró yànmọ̀tí tí èmi àti Baba Tahsin dá sílẹ̀ láyé ìjọba Túọ́kì ti wá di ẹrù sí wa lọ́rùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́kùnrin Júù mẹ́ta sọ̀kalẹ̀ láti òkè Kámẹ́lì wá bá mi. Wọ́n ní, "Bàbá Tapiero, irú àkókò yìí kọ́ ni Júù ń bá Lárúbáwá ṣòwò pọ̀. Ẹ yọwọ́." Lọ́jọ́ kejì, àwọn Lárúbáwá tó ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà lórí òkè rán èèyàn sí Baba Tahsin pé kó lé Júù náà jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn á dáná sun gbogbo rẹ̀. Ó dá wọn lóhùn pé, "Ẹ jẹ́ kí n fún òróró tó wà nílẹ̀ tán ná, ẹ̀yin náà á ṣáà jẹun." Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n á padà wá.

Àwa méjèèjì ti fẹnu kò pé a ò ní ṣe nǹkan kan títí a ó fi mọ ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lọ. Wọ́n ti pe àwọn àgbà Júù àti àwọn àgbà Lárúbáwá sí Lọ́ńdọ̀nù lóṣù tó ń bọ̀, láti sọ ẹni tí ilẹ̀ yìí máa jẹ́ tirẹ̀. Ìwọ ọmọ tí mo bí sì nìyẹn, o jókòó sínú ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń túmọ̀ ìwé wọn, tí wọ́n sì ti ń tẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé o ti búra. Mi ò ní kí o da ìbúra. Ohun tí mo ní kí o ṣe kò ju báyìí lọ: bí o bá rí i pé àwọn Lárúbáwá ni wọ́n fẹ́ fún ní òmìnira, kọ ọ́ sí mi pé o ra kóòtù tuntun. Bó bá jẹ́ àwa Júù ni, kọ ọ́ pé bàtà rẹ ti já. Ta ni yóò fi ojú burúkú wo kóòtù àti bàtà? Baba Tahsin mọ̀ sí i. Kódà òun ló ronú kan bàtà.

Ọkọ̀ ojú omi ni mo fi lẹ́tà yìí rán, nítorí àwọn tó tò sí ẹnu pósítì ọkọ̀ òfúrufú pọ̀ ju sùúrù mi lọ. Dá mi lóhùn kíákíá.

Èmi baba rẹ,
Yomtov Tapiero


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì, 1939

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ojú lọ́nà. Mi ò tíì rí lẹ́tà kankan gbà lọ́wọ́ yín láti ìgbà tí ọdún tuntun ti wọlé. Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni? Ẹ bá mi kí Ìyá Tahsin. Ẹ sọ fún wọn pé mi ò rí ẹni tó mọ ẹ̀wà lẹ́ńtìlì sè níbí, pé omi gbígbóná lásán ni wọ́n ń pè ní ọbẹ̀. Tahsin ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń bínú pé mo wá bá Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́? Ẹ sọ fún un pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kì í fajú ro bí ọmọ ọdún mẹ́fà.

Lánàá ni wọ́n ṣí ìpàdé náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣí i. Ẹ má rò pé àṣírí ni mò ń tú o, ó wà nínú gbogbo ìwé ìròyìn. Àwọn Lárúbáwá ní àwọn ò ní bá àwọn Júù jókòó, nítorí náà àwọn mínísítà kí wọn káàbọ̀ láàárọ̀, wọ́n lọ jẹun, wọ́n tún padà wá kí àwọn Júù káàbọ̀ lọ́sàn-án. Ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀, yàrá ọ̀tọ̀. Àwa tá à ń túmọ̀ nìkan là ń gba ọ̀nà méjèèjì.

Òtútù ibí yìí kọjá àfẹnusọ. Mo ra kóòtù tuntun, aláwọ̀ ewé, ó sì nípọn dáadáa. Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ẹ ní kí n máa lo ti àtijọ́. Ẹ kọ̀wé sí mi. Ọkàn mi kì í balẹ̀ bí mi ò bá gbọ́ yín.

Ọmọ yín,
Fortuna


Háífà,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kejì, 1939

Fortuna ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé lánàá, mo sì ti gbọ́ ọ yé. O ṣeun. Mo ka ibi kóòtù náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣé bí mo bá ní inú mi dùn, irọ́ kọ́? Mo jókòó sórí ọlọ títí oòrùn fi wọ̀. Mo ronú kan àwọn èèyàn wa tó ń sá bọ̀ láti Jámánì, ibo ni wọ́n máa wá gbà? Mo ronú kan ara mi. Lẹ́yìn náà mo dìde, mo lọ bá Baba Tahsin. Mo ní, "Ruhi, ó ti ra kóòtù." Kò fò sókè, kò pàtẹ́wọ́. Ó di orí mi mú, ó fẹnu kò mí níwájú orí, ó ní, "Bó o ṣe wà lánàá, bẹ́ẹ̀ lo máa wà lọ́la. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn ọ́, èmi ló fọwọ́ kàn." Ìyá Tahsin ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. O mọ̀ pé láti ìgbà tí bọ́ǹbù ti bú lọ́jà lọ́dún tó kọjá ni kò ti dé ọjà mọ́. Baba Tahsin ní kó máa jáde, pé wàhálà ti tán, ọmọ rẹ̀ ti kọ̀wé.

Tahsin nìkan ni kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì kì í fúnni ní nǹkan tí kò ní padà wá gbà.

Mo bẹ Baba Tahsin pé kí ọ̀rọ̀ náà má jáde láàárín wa. Ó gbà. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ẹnu rẹ̀ àti ilé kọfí! Láàárọ̀ yìí, ẹni tó ń fá irun mi ti ń kí mi kú orí ire òmìnira. Ẹyin lohùn, ọmọ mi. Mo ń bẹ̀rù díẹ̀. Bí nǹkan bá yí padà, tètè sọ fún mi.

Baba rẹ


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kejì, 1939

Bàbá mi,

Kóòtù wo?

Àárọ̀ yìí ni lẹ́tà oṣù kìíní yín tó wọ̀ mí lọ́wọ́, òun àti èyí tẹ́ ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú àpótí kan náà. Mo ka ti kejì ṣáájú, kò yé mi. Mo wá ka ti àkọ́kọ́, mo sì jókòó sórí àtẹ̀gùn. Bàbá, mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ kóòtù yín nígbà tí mo kọ̀wé! Òtútù ló ń mú mi! Mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo ra aṣọ, mo sì sọ fún baba mi. Ó tán.

Ẹ lọ bá Baba Tahsin nísinsìnyí, kẹ́ ẹ tó ka lẹ́tà yìí tán. Kí wọ́n lọ gba ọ̀rọ̀ náà padà lẹ́nu gbogbo ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún. Kí Ìyá Tahsin má jáde.

Ohun kan tún wà. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ la àpò lẹ́tà oṣù kìíní, wọ́n sì fi bébà lẹ̀ ẹ́ padà. Ẹnì kan ti kà á kó tó dé ọwọ́ mi. Mo fẹ́ fi tẹlígíráàmù sọ ọ̀rọ̀ yìí fún yín, ṣùgbọ́n kí ni n óò kọ sí i tí kò ní kó gbogbo wa sí ẹ̀wọ̀n? Ẹ sọ mí di amí láìbi mí léèrè. Mo nífẹ̀ẹ́ yín, ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ ṣe yìí dùn mí.

Fortuna


Háífà,
Ọjọ́ kejì oṣù kẹta, 1939

Fortuna,

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni lẹ́tà rẹ dé. Ọjọ́ Ajé ni bọ́ǹbù bú.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe lọ. Lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo ìlú ń sọ pé Lọ́ńdọ̀nù ti fọwọ́ sí òmìnira àwọn Lárúbáwá. Àwọn kan ní rédíò ló sọ ọ́. Àwọn kan ní ilé kọfí ni. Mi ò mọ èyí tó ṣáájú, mi ò sì ní mọ̀ ọ́n títí n óò fi kú. Wọ́n ń jó, wọ́n ń gbé ọmọ sí èjìká, wọ́n so ẹ̀ka igi mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ìyá Tahsin wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó lọ sí ọjà lọ ra ṣúgà. Ó fẹ́ ṣe àdídùn fún àdúgbò.

Inú ilé ìfúnróró ni mo wà tí mo gbọ́ ìró bọ́ǹbù náà. Mo sáré. Ẹ̀fọ́, bàtà, ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ń kígbe pé Júù ló gbé e síbẹ̀, òótọ́ ni wọ́n sì ń sọ, Fortuna, àwọn kan nínú tiwa ni. Kò sẹ́ni tó wo ojú mi nínú èéfín náà. Mo rí Ìyá Tahsin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo fi ọmọlanke tá a fi ń kó yànmọ̀tí gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ń bi mí lọ́nà pé, "Ta ló di ṣúgà mi mú?"

Wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ láti orúnkún.

Nígbà tí mo padà lọ wò ó lọ́jọ́ kejì, Tahsin dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá, ẹ máa lọ sílé."

Mo ní, "Ìyá rẹ ni mo wá wò."

"Àwọn èèyàn yín ló gé e lẹ́sẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ tún wá wò ó?"

Baba Tahsin jáde wá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn, lẹ́tà rẹ wà lápò mi. Ǹ bá ti pa á mọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un. Ó ní, "Yomtov, kóòtù lásán ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Òtútù ló ń mú un?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, àgbàlagbà, pẹ̀lú fìlà lórí. Ó ní, "Èmi ni mo ní kó jáde." Láti ọjọ́ náà kò tíì bá mi sọ̀rọ̀.

Àwọn ọlọ́pàá wá béèrè mi lánàá, mi ò sí nílé.

Baba rẹ


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, 1939

Bàbá mi,

Mo ti sunkún títí omi ojú mi ti tán, ẹ jẹ́ kí n kọ ìyókù pẹ̀lú ojú gbígbẹ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá kan tí mi ò rí rí ránṣẹ́ pè mí. Ó gbé ẹ̀dà lẹ́tà oṣù kìíní yín síwájú mi.

Ó ní, "Ta ni Baba Tahsin?"

"Ọkọ ìyá tó fún mi lọ́mú."

"Lárúbáwá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ sì jẹ́ Júù. Èwo nínú méjèèjì lò ń ṣiṣẹ́ fún?"

"Ẹ̀yin ni mò ń ṣiṣẹ́ fún, sà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ìwé kan sí mi pé kí n fọwọ́ sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé baba mi ń gba ọ̀rọ̀ ìjọba lọ́wọ́ mi, ó ń gbé e fún Ruhi, Ruhi sì ń gbé e fún àwọn tó wà lórí òkè. Ó ní bí mo bá fọwọ́ sí i, ọmọdé tí baba rẹ̀ tàn jẹ ni wọ́n máa pè mí, iṣẹ́ mi kò sì ní bọ́. Mo ní, "Mo ra kóòtù. Òun nìyí lọ́rùn mi." Ó ní kí n kó ẹrù mi. Kí aago méjìlá tó lù, mo ti wà ní títì.

Ní báyìí tí mi ò ní tábìlì tí mò ń ṣọ́ mọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún yín, kí ẹni tó ń la lẹ́tà náà sì kà á. Ogun Jámánì ń bọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń wá ojú rere àwọn ọba Lárúbáwá nítorí epo àti nítorí ọ̀nà òkun. Àwọn Júù ńkọ́? Wọ́n mọ̀ pé kò sí bí a ṣe lè lọ gbè sẹ́yìn Jámánì, nítorí náà ẹ̀rù pé a máa fi wọ́n sílẹ̀ kò bà wọ́n. Ìṣirò wọn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo máa ń tẹ ọ̀rọ̀ kan fún yàrá kan, "òmìnira." Fún yàrá kejì, wọ́n á ní kí n kọ "ìjọba tí yóò máa dàgbà díẹ̀díẹ̀." Ohun kan náà ni. Ohun tó dùn mí jù ni pé ohun tẹ́ ẹ rò pé kóòtù mi sọ kò jìnnà sí òótọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni wọ́n ń fì sí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ fún wọn kì í ṣe èyí tí wọ́n ń jó sí lọ́jà.

Ṣé Ìyá Tahsin ń jẹun? Ṣé wọ́n ń dárúkọ mi? Ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi.

Fortuna


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹrin, 1939

Bàbá mi,

Lẹ́tà kẹta rèé tí mo kọ tí ẹ ò dáhùn. Àjọ̀dún Ìrékọjá ti kọjá. Èmi nìkan ni mo jẹ àkàrà aláìwú nínú yàrá mi, mo béèrè ìbéèrè tí ọmọ ń béèrè, mo sì dá ara mi lóhùn.

Bó bá jẹ́ pé inú ń bí yín, ẹ bínú sí mi lórí ìwé. Bó bá jẹ́ pé ara yín ni kò yá, kí ẹnì kan bá yín kọ ọ́. Mo ti fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ilé Baba Tahsin pẹ̀lú. Mò ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Màsẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ kejì oṣù kẹfà. Mò ń bọ̀ wálé. Ẹ sọ fún mi kí n tó wọ̀ ọ́ bóyá mo ṣì ní ilé.

Fortuna


Sáídà,
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù karùn-ún, 1939

Fortuna ọmọ mi,

Èmi Ìyá Tahsin ni. Ọwọ́ Tahsin ni o, ṣùgbọ́n ẹnu mi ni. Kò fẹ́ kọ ọ́. Mo ní bí kò bá kọ ọ́ mi ò ní jẹun, ló bá mú kálàmù.

Má bẹ̀rù. Baba rẹ wà láàyè, èmi náà wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ẹsẹ̀ tó lọ ti lọ. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó máa ń yún mi níbi tí kò sí mọ́, mo sì máa ń fọwọ́ họ afẹ́fẹ́. Bí o bá rí mi, wàá rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ kóòtù yẹn ni àwọn ọlọ́pàá torí ẹ̀ mú baba rẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló lò ní àtìmọ́lé Ákà. Ọkọ mi kò bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé wọn kò fẹ́ tú u sílẹ̀, ó wọ aṣọ tó fi ń lọ kírun Jímọ̀, ó lọ bá ọ̀gá wọn. Ó ní, "Ẹnu mi ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé kọfí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ti ẹnì kan mọ́lé, èmi rèé." Àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni wọ́n fi da ìbéèrè bò ó. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n tú baba rẹ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n láyé yìí, bí Lárúbáwá bá wọ ọ́fíìsì ọlọ́pàá Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó wà lórí òkè kì í béèrè ohun tó lọ ṣe níbẹ̀. A bá ọta ìbọn kan lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ìwé wé e. A kó ẹrù, a wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi níbí ní Sáídà, lódìkejì ààlà, ibí náà ni ẹ̀dà lẹ́tà rẹ ti bá wa.

Baba rẹ ló wà ní ilé ìfúnróró. Ó kọ̀ láti tì í. Àwọn lẹ́tà rẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ojú ló ń tì í láti dáhùn. Ó ní kí ni òun fẹ́ sọ fún ọmọ tí òun ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Mo sọ fún ọkọ mi pé kó kọ̀wé sí i. Ó ní kí Yomtov kọ́kọ́ kọ. Mo ránṣẹ́ sí Yomtov, ó ní kí Ruhi kọ́kọ́ kọ. Àgbà méjì tí irungbọ̀n wọn ti funfun!

(Èmi Tahsin: òótọ́ ni wọ́n ń sọ.)

Lọ́jọ́rú, wọ́n ka ìwé ìpinnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì lórí ilẹ̀ wa ní rédíò. Wọ́n ní lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, òmìnira. Wọ́n ní Júù ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gọ́rin ló máa wọlé láàárín ọdún márùn-ún, lẹ́yìn náà ó di ohun tí Lárúbáwá bá fọwọ́ sí. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn kan ju bàtà lu rédíò. Ọkọ mi ní, "Ọdún mẹ́wàá! Ṣé wọ́n ti bá Ọlọ́hun sọ ọ́ ni?" Wọ́n ní àwọn Júù náà ń jó ìwé ìjọba lójú títì lọ́dọ̀ tiwọn. Ó yà mí lẹ́nu pé ìwé kan ṣoṣo lè bí gbogbo ayé nínú.

Tahsin ní ọkọ̀ rẹ á kan Háífà kó tó kan Bèírútù. Sọ̀kalẹ̀ ní Háífà, mú baba rẹ, kẹ́ ẹ jọ wá síbí. Bó bá ní òun ò wá, sọ fún un pé èmi ni mo pè é, kì í ṣe Ruhi. Àwọn tí mo fún lọ́mú kò ju méjì lọ, mo fẹ́ rí ẹ̀yin méjèèjì lójú kan náà.

Fortuna, èmi Tahsin ni ń sọ̀rọ̀ báyìí, kì í ṣe Ìyá. Wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí ibùsùn, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ tiwọn ni mò ń kọ, nítorí wọ́n rí kálàmù tó ń lọ. Lọ́la mò ń lọ sí Dàmásíkù láti darapọ̀ mọ́ àwọn tó wà nídìí ìjà náà. Mo sọ fún Ìyá pé yànmọ̀tí ni mò ń lọ rà fún ẹ̀gbọ́n wọn. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo ṣì ń bínú sí ọ, mi ò sì tíì mọ̀ bóyá n óò lè jókòó ti baba rẹ mọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ tí mi ò bá tíì padà, ìwọ ni kí o sọ fún wọn. Di ọwọ́ wọn mú kí o tó sọ ọ́. Má jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ ọ́ fún wọn lójú títì.

Ó ti tó, ọmọ mi, ó ti rẹ̀ mí. Mo ní kí Tahsin ka gbogbo rẹ̀ fún mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì kà á. Ó ní òun kò fo nǹkan kan. Ọmọ dáadáa ni. Kí Ọlọ́hun mú ọ gúnlẹ̀ láyọ̀.

Èmi ni, ìyá rẹ